Ìyá Agbẹ̀bí Tó Tutọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ wá ibi fìdí lé. Ẹni tó bá gbé iṣu kaná, kó kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ Ìyá Agbẹ̀bí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró, òun fúnra rẹ̀ kò sì fẹ́ràn ẹni tó ń dìde-jókòó nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀. Èmi ni àkọ́bí nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Irun funfun ti gba orí tèmi náà báyìí, ṣùgbọ́n títí tó fi lọ, "ọkọ mi" ló ń pè mí. Tí inú bá bí i, á ní "ọkọ burúkú."

N kò ní í sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn tó ṣe ìwé pélébé tí a pín níbi ìsìnkú ti ṣe ìyẹn. Wọ́n ní Ẹsìẹ́ ni wọ́n bí i sí, pé ó kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí lọ́dọ̀ àwọn ìjọ, ó lọ́kọ sí Òmù-Àrán, ó bímọ, ó sì sùn nínú Olúwa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka ìwé yẹn tó ní òun ti mọ Ìyá Agbẹ̀bí dà bí ẹni tó rí èèpo iṣu tó ní òun ti jẹ iyán.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìbejì ni. Òun ni Táyé. Kẹ́hìndé rẹ̀, obìnrin bíi tirẹ̀, kò pé ọdún mẹ́jọ láyé. Mo sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyìí nítorí pé ó ti di ohun tí ẹnu lè sọ. Nígbà tí à ń dàgbà, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ nínú ilé wa. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: a kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Bàtà tí wọ́n bá rà fún èyí tó wà nílẹ̀, méjì ni wọ́n ń rà. Tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, ọmọ kan ṣoṣo ni yóò jókòó sápá ọ̀tún, wọ́n á yà á, á sún sápá òsì, wọ́n á tún un yà, onífọ́tò á sì so méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wà ní pálọ̀ Ìyá. Ọmọbìnrin méjì, aṣọ kan náà, ojú kan náà, tí ọ̀kan kò wo èkejì. Mo ti lọ́mọ ti ara mi kí n tó mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń wò láti kékeré.

Ó ga, ó tín-ín-rín, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè pé orí ọmọ ti ń yọ. Kódà bó bá ń lọ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ìrìn yẹn náà ló máa rìn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá, iṣẹ́ ti tán, ẹ ti fẹ̀yìn tì, kí lẹ tún ń sáré sí?" Ó ní kí n yẹra lọ́nà. "Ẹni tó ń bọ̀ wáyé kì í dúró de ẹni tó ń wá bàtà."

Ó ní ìwé ńlá kan, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, irú èyí tí àwọn akọ̀wé kóòtù ayé àtijọ́ ń lò. Gbogbo ìbejì tó bá gbà lọ́wọ́ ìyá wọn, láti Òmù-Àrán dé Òkè-Onígbìn, ló ń kọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó kọ orúkọ wọn, ó kọ bí wọ́n ṣe wúwo sí, ó kọ ẹni tó kọ́kọ́ ké. Tí ọdún bá yí, á gba ilé wọn kọjá bí ẹni tó kàn ń kí wọn, tó bá délé, á tún kọ díẹ̀ sí i. Mo ti kà nínú rẹ̀ rí: "Táyé ń jẹ èékánná. Kẹ́hìndé kì í jẹ ẹ́. Àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù ewúrẹ́." Ojú ewé kìíní ìwé náà, òun àti Kẹ́hìndé rẹ̀ ni.

Ọkọ rẹ̀, bàbá tó bí bàbá mi, kò rí ìlò ìwé yìí rárá. "Ọmọ ọlọ́mọ! Kí lo fẹ́ fi èékánná wọn ṣe?"

Ìyá kò gbójú sókè. "Mo fẹ́ mọ èyí tí wọ́n gbé wá láti ọ̀run àti èyí tí a kó fún wọn nílé."

Ọ̀rọ̀ yìí ló sọ ọ́ di oníjà àdúgbò. Aládùúgbò wa kan, tí a ń pè ní Bàbá Káfíńtà, wá ráhùn lọ́jọ́ kan pé ọmọ òun ọkùnrin ti wú iṣu òun tà. Ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé ìyá rẹ̀ ni, pé olè wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

"Iṣu ta ni?" Ìyá bi í.

"Iṣu mi."

"Níbo?"

"Lóko mi, lẹ́yìn odò."

"Ta ló mú un dé ọ̀hún tó fi mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni. Láti kékeré ni mo ti ń mú un ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n kò sì jẹ́ fún un ní ẹyọ iṣu kan, kó má baà bàjẹ́."

"Hẹn. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ ọ̀nà oko, Bàbá Káfíńtà. Ẹsẹ̀ ló mọ̀ ọ́n."

Tíṣà kan tó ń gbé lójúde wa gbọ́, inú rẹ̀ dùn, ó ní ohun tí òun ti ń sọ náà nìyẹn, pé bí a bá ṣe tọ́ ọmọ ló ṣe ń rí. Ìyá yíjú sí òun náà. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó ka ti ọkùnrin méjì kan fún un: ìbejì, ọ̀kan dàgbà lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Òkè-Onígbìn, wọ́n gbé ìkejì lọ Kàdúná nígbà tó ṣì ń rá. Wọn kò fojú kan ara wọn títí wọ́n fi di géńdé. Ọjọ́ tí wọ́n pàdé, àwọn méjèèjì so aago mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, àwọn méjèèjì ṣa ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Olúkúlùkù wọn ló sì máa ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

"Ta ló kọ́ wọn, Tíṣà?"

Tíṣà ń fọwọ́ ra àgbọ̀n.

"Ẹ̀jẹ̀ a máa sọ̀rọ̀," ni Ìyá wí, "ariwo ni kì í pa."

Òkìkí ìwé yìí ló gbé Dókítà Fọlákẹ́ wá bá wa. Olùkọ́ ni ní yunifásítì kan, ọmọ Ìlọrin, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́-wúyẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í gba bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó ń wá ni pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ ṣe àkójọ ńlá kan nípa àwọn ìbejì ilẹ̀ wa. Ìbejì kọ̀ọ̀kan yóò dáhùn ìbéèrè nípa ìwà rẹ̀: ṣé ó máa ń tètè bínú, ṣé ó fẹ́ràn èrò, ṣé ìbànújẹ́ máa ń pẹ́ lára rẹ̀. Yóò sì tutọ́ sínú ike kékeré kan, nítorí inú itọ́ ni wọ́n ti lè ka ohun tí èèyàn jogún láti inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ síbì kan, kí onímọ̀ ibikíbi tó bá fẹ́ kọ́ nípa ìwà ọmọ ènìyàn lè wá mú nínú rẹ̀.

"Kì í ṣe tèmi nìkan, Màmá. Ohun tí gbogbo wa yóò jọ máa lò ni."

"Bíi kànga?"

"Bíi kànga, Mà."

"Ta ló máa mú kọ́kọ́rọ́?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí ọ̀rọ̀ yẹn títí oòrùn fi yẹ̀. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé nọ́ńbà nìkan ni yóò lọ sí yunifásítì. Orúkọ tó ni nọ́ńbà, inú àpótí Ìyá ni yóò wà. Ìgbà tí Dókítà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá, Òjògbọ́n kan bá wọn wá, ọkùnrin dáadáa, ó dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá. Ó ní iṣẹ́ náà wu òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun nìkan lò ó fún ọdún díẹ̀ ná kí wọ́n tó ṣí i fáyé. Ìyá ní kí wọ́n bu omi tútù fún un. Nígbà tó mu ún tán, Ìyá ní, "Òjògbọ́n, kànga tí gbogbo àdúgbò jọ gbẹ́, ẹnì kan kì í fi àgádágodo tì í. Ẹ ti mu tiyín. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà pọn."

Ìwé ìbéèrè wọn gan-an, Ìyá bá wọn jà sí i. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ó sì ní kí a fàmì sí ẹni tó kọ́kọ́ jáde pé òun ni ẹ̀gbọ́n.

"Ta ló kọ eléyìí?" ni Ìyá wí. "Kẹ́hìndé ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ẹ̀yin níbo lẹ ti rí ẹ̀gbọ́n tó ń jíṣẹ́ fún àbúrò?"

Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n pín ìbéèrè yẹn sí méjì: ta ló kọ́kọ́ jáde, ta lẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní kò rí bẹ́ẹ̀ ni, ìlàjì ìdáhùn ni ì bá dorí kodò.

Ti itọ́ ló wá le. Ìlú Bàbáńlá ni a kọ́kọ́ lọ, èmi ni mo wa ọkọ̀. Inú ààwẹ̀ ni. Alhaji Súléè, àgbẹ̀ pàtàkì kan tí òun pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ jẹ́ ìbejì tí Ìyá kọ́kọ́ gbà, ti kó àwọn ènìyàn jọ síwájú ilé, ojú gbogbo wọn le.

"Ìyá, a bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n itọ́ kẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ fi itọ́ wa ṣe? Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí ayé ń dà. Wọ́n ń fi pátá ṣoògùn owó báyìí, áńbọ̀sìbọ́sí itọ́."

"Súléè."

"Mà."

"Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti tutọ́ sí ìdí ògiri yẹn?"

Àwọn èèyàn wo ìdí ògiri. Aláàwẹ̀ ni gbogbo wọn. Ilẹ̀ ti rin gbingbin.

"Bí itọ́ bá ń sọ èèyàn dolówó, ògiri yín ì bá ti lọ sí Mẹ́kà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Alhaji fẹ́ dúró lójú ìjà, ó ní ṣé kò ní í ba ààwẹ̀ jẹ́. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ ní èyí tí wọ́n gbé mì ni wàhálà, kì í ṣe èyí tí wọ́n tu jáde. Dókítà náà sì sọ pé àǹfààní ló jẹ́, nítorí ẹni tó bá fẹ́ tutọ́ sínú ike kò gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Ìyá gba ike kan, ó dìde dúró láàárín wọn, obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó tutọ́ sínú rẹ̀ gbuurugbu. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìkejì. Ó tún tutọ́ sínú ìyẹn náà. Kò sẹ́ni tó bi í pé ti ta ni ìkejì. A ṣáà mọ̀ pé Táyé ni. Ó wo àyíká, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí n nìkan ṣe ọ̀bùn o."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti tò.

Iṣẹ́ náà lọ geere. Ìyá pín ìwé, Ìyá gba ìwé, Ìyá tún wọn kọ, ó fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ. Dókítà sọ fún gbogbo àwọn onímọ̀ tó ń retí pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì òun yóò ṣílẹ̀kùn àkójọ náà. Ẹ̀yìn èyí ló dé lọ́jọ́ Sátidé kan, òun nìkan, láìsọ tẹ́lẹ̀. Àkàrà ni èmi àti Ìyá ń jẹ. Ó kúnlẹ̀, ó jókòó, ó mú bébà kan jáde.

"Màmá, nọ́ńbà kan rèé. Ọ̀kan ọkùnrin, ọ̀kan obìnrin lẹ kọ."

"Tí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni."

"Itọ́ méjèèjì, obìnrin ni wọ́n, Mà."

Ìyá dáwọ́ àkàrà dúró.

"Mo wá wo ìdáhùn wọn. Bákan náà ni, láti orí ìbéèrè àkọ́kọ́ dé ìgbẹ̀yìn. Mo wá àwọn mìíràn tó rí bẹ́ẹ̀. Ìdì mọ́kànlá ni mo rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń dunnú, wọ́n ní irú ìbejì tí ìwà wọn bára mu tó báyìí kò wọ́pọ̀. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀."

Ìyá gba bébà. Ó wọ yàrá, a gbọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, ó jókòó, ó gbé bébà náà sórí itan.

"Gbogbo wọn," ló wí. "Gbogbo wọn ni ọ̀kan nínú wọn ti lọ."

Kò kọ́kọ́ yé Dókítà. Ó yé èmi. Ìyá ìbejì kan gba ìwé méjì àti ike méjì, nítorí pé ohun gbogbo ló ń gbà ní méjì fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bí wọn. Ta ló máa dá ọ̀kan padà lófìfo? Ta ló máa sọ pé èyí kò sí mọ́, níbi tí ẹnu kò ti gbọdọ̀ sọ ọ́? Ó bá ní kí èyí tó wà nílé tutọ́ sí méjèèjì, ó sì fi ìwà ẹnì kan kọ ìwé ẹni méjì. Kò sẹ́ni nínú wọn tó rò pé òun purọ́.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ni Dókítà wí. "Mo lè yọ mọ́kọ̀ọ̀kànlá kúrò wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó máa bi mí."

"Ta ni nọ́ńbà kìíní nínú àwọn tó o kọ wá yìí?"

Dókítà wo ilẹ̀. Kò ní orúkọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti wà ní Bàbáńlá lọ́jọ́ tí wọ́n tutọ́.

"Èmi ni," ni Ìyá wí. "Ojú ewé kìíní. Èmi tí mò ń bá Òjògbọ́n jà nítorí kànga, èmi náà ni mo kọ́kọ́ da nǹkan sí i."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún yín bí mo ṣe rí i lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá dákẹ́, wọ́n á yọ wọ́n, àkójọ Òmù-Àrán á mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún lọ ṣe irú rẹ̀ ní ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá yóò bọ́ sínú ihò kan náà láìmọ̀. Bí ó bá sọ̀rọ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí kò tíì sọ láti kékeré, yóò sì tún bẹ ìyá mẹ́wàá pé kí wọ́n sọ tiwọn. Ìwé rẹ̀ ni ìgbéraga rẹ̀. Kẹ́hìndé sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì kọ òótọ́ nípa rẹ̀ sínú ìwé yẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ̀rù bà wá. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ránṣẹ́ sáwọn ìyá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó ní kí wọ́n wá jẹ ẹ̀wà. Dókítà ní ọjọ́ tí òun dá fáwọn onímọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìyá ní kó sún un síwájú. "A kì í fa ọmọ tí kò tíì fẹ́ yọrí."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wá. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti dé láti ilé ìsìn, àwọn mùsùlùmí ti kírun, gbogbo wọn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n jẹ ẹ̀wà elépo, wọ́n ń ṣàwàdà nípa ata rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣanwọ́ tán, Ìyá dìde. Kò gbé ohùn sókè.

"Ẹ gbọ́ o. Èmi Táyé, ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé kú. A kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ibà ló ṣe é, ọjọ́ mẹ́ta péré. Kò lọ sájò. Ó kú. Mo tutọ́ fún un, mo sì dáhùn fún un nínú ìwé Dókítà. Irọ́ ni. Ìfẹ́ ló bí i, ṣùgbọ́n irọ́ tí ìfẹ́ bí, irọ́ náà ni."

Obìnrin kan láti Òkè-Onígbìn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìdún. Òmíràn wá ní, "Èmi rò pé bí mo bá dá ike kan padà lófìfo, wọ́n á ní n kò náání rẹ̀." Ó sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ ọ́. Àwọn kan sọ ọ́ fún Dókítà létí. Ọ̀kan kò lè sọ ọ́, ó fọwọ́ tọ́ka sí i lórí ìwé. Ìyá Ìbejì láti Ìjàrà-Ìsin nìkan ni kò gbà. Tirẹ̀ ni ọkùnrin kan obìnrin kan tó tú àṣírí náà.

"Ìyá Agbẹ̀bí, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ̀yin lẹ gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ ọ́, tí ó bá wà níbì kan tó ń gbọ́ ńkọ́?"

Mo rò pé Ìyá yóò bá a jà. Ó lọ sínú ilé, ó mú ìwé ìbéèrè méjèèjì ti obìnrin náà wá, ó kó wọn lé e lọ́wọ́. Dókítà náà ṣèlérí pé àwọn yóò da itọ́ náà nù, àwọn yóò sì pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.

"Máa kó wọn lọ sílé," ni Ìyá wí. "Ìwọ lo ni wọ́n. Ẹnu tí a fi tipátipá là, irọ́ mìíràn ló ń pa."

Àwọn mẹ́wàá tó kù, tí ti Ìyá fúnra rẹ̀ wà nínú wọn, Ìyá kò jẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n sọnù. Ó ní, "Fún wọn ní ìjókòó tiwọn." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya apá kan sọ́tọ̀ nínú àkójọ náà fún ẹni tó ṣẹ́kù nínú ìbejì: ike kan, ìdáhùn kan, àti ohun tí ìyá rántí nípa èyí tó lọ, tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìyá. Onímọ̀ tó bá fẹ́ mú nínú kànga náà, ohun tí yóò kọ́kọ́ kà ni ìkìlọ̀ tí Ìyá sọ tí Dókítà kọ: pé nílẹ̀ yìí a kì í sọ pé ìbejì kú, nítorí náà kí wọ́n fi pẹ̀lẹ́ bèèrè, kí wọ́n má sì fún ẹnikẹ́ni ní ike méjì mú relé. Ẹnì kan tó ń ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lọ́nà jíjìn kọ̀wé wá pé ṣé òun lè lo ìkìlọ̀ yìí. Nígbà tí a kà á fún Ìyá, ó ní, "Ẹ sọ fún un pé kó gbé garawa tirẹ̀ wá."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ẹ̀wà yẹn, nígbà tí àwọn àlejò ti lọ tán, mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí gan-an, ọkọ mi." Ó ń ṣa òkúta tó kù nínú ẹ̀wà tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti dá a dúró sẹ́nu ọ̀nà. Jẹ́ kó wọlé, kó lọ jókòó."

Ìgbà tí òun náà lọ, ó ti pín ohun tó ní. Ilé jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní ẹni tó bá ta á, òun yóò wá bá a lójú oorun. Màṣíìnì ìránṣọ di ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí kò mọ̀ ọ́n lò, tí kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó. Abo ewúrẹ́ rẹ̀, tí méjì-méjì ló máa ń bí, ló fi sílẹ̀ fún Ìyá Ìbejì Ìjàrà-Ìsin. Obìnrin náà wá mú un, ó sunkún, ó fà á lọ. Kò tíì sọ ọ́ títí dòní. A kò sì bi í.

Àpótí àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ di ti Bùnmi, àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn tó ti fi Bíbélì búra pé orúkọ kan kò ní í jáde níbẹ̀. Mo rò pé kò kan èmi ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú, Bùnmi gbé ìwé ẹlẹ́yìn pupa náà wá bá mi, ó ṣí i sí ojú ewé kìíní.

"Bọ̀dá mi, Ìyá ní ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ ọ́."

"Kí n kọ kí ni?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo wo ojú ewé náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Kẹ́hìndé, Ìyá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́: *Ó kú.* Àwọn lẹ́tà rẹ̀ dúró ṣánṣán, bí ìgbà tó ń kọ ìwúwo ọmọ tuntun. Mo mú kálámù, mo sì kọ ọ̀rọ̀ kan náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Táyé.